Àwọn Káàdì Tí Mo Kó Lọ sí Àwọsánmà

Bí mo bá gbọ́ òórùn ìwé tó ti rin gbingbin, tí wọ́n wá sá sóòrùn títí ó fi gbẹ, ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí títí dòní. Ó dà bí òórùn aṣọ tí kò gbẹ tán kí wọ́n tó ká a sínú àpótí, pẹ̀lú òórùn káńfọ̀ tí a máa ń fọ́n sí abẹ́ sẹ́ẹ̀fù tí a ń to ìwé sí nítorí ìkán. Inú ilé ìwòsàn aládàáni kan ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò jìnnà sí ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, ariwo àwọn tó ń já iṣu nínú lọ́rì sì máa ń wọlé bá wa láti òwúrọ̀. Yàrá àkọsílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí aláìsàn bá dé, àwa la ń wá káàdì rẹ̀ jáde, kí Dókítà lè mọ ohun tó ti ṣe é rí àti oògùn tó ti lò. Ọ̀gá mi nígbà náà ni Àlájà kan, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, tó ti wà nínú yàrá yẹn kí n tó wọ ilé ìwé girama. Kì í wo nọ́ńbà. Bí o bá ti ń wọlé báyìí, ó ti mọ sẹ́ẹ̀fù tí káàdì rẹ wà, ó sì ti ń béèrè ọmọ rẹ tí ikọ́ ń dà láàmú lọ́jọ́sí.

Òjò kan ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ìjì ṣí páànù orí yàrá náà nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìgbà tí a fi máa dé, omi ti gba sẹ́ẹ̀fù. A sá káàdì sórí koríko, sórí bẹ́ǹṣì, àní sórí mọ́tò Dókítà. Dókítà dúró láàárín wọn, ó mi orí títí, ó ní, "Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa mọ́. Kíláòdù la máa kó wọn lọ."

Ó ránṣẹ́ pe olùkọ́ kan láti yunifásítì tó wà ní Malete kó wá là wá lọ́yẹ̀. Ọkùnrin náà ní sùúrù. Ó ní àwọsánmà ni kíláòdù lédè Òyìnbó, ṣùgbọ́n kí a má wòkè, pé orúkọ lásán ni. "Ẹ ṣáà mọ àwọn tó ń ta àgbàdo ní Ìpàtà níbí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní sítọ́ọ̀. Wọ́n ń háyà àyè nínú sítọ́ọ̀ ẹlòmíràn, onítọ̀hún ló ń ṣọ́ ọ, òun ló ń tún òrùlé ṣe. Bí kíláòdù ṣe rí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ńláńlá ni, wọ́n wà nínú ilé kan lọ́nà jíjìn, a kàn háyà àyè níbẹ̀ ni. Íńtánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀nà tí a ń gbà dé ibẹ̀." Ó ní òjò ò ní lè pa ìwé wa mọ́, ìkán ò ní lè jẹ ẹ́, bí aláìsàn wa bá sì lọ sí ẹ̀ka wa tó wà ní Malete, wọ́n á rí gbogbo ìtàn àìsàn rẹ̀ lọ́hùn-ún lójú ẹsẹ̀.

Àlájà nawọ́. "Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ náà lọ́wọ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ àpótí yín wà lọ́wọ́ yín, Mà. Ilé ni ti wọn."

"Bí ọ̀nà bá dí ńkọ́?"

"Ẹ máa dúró kó ṣí ni, Mà." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Àlájà nìkan ni kò rín.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tẹ àwọn káàdì yẹn sínú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ Àlájà kò yá lórí ẹ̀rọ, Dókítà bá ní kó máa já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, kí èmi jókòó sí àyè rẹ̀. Kò jà. "Alihamdulilai, ìjókòó náà ṣáà ni," ohun tó sọ nìyẹn, ó kó ìkòkó omi àlùwàlá rẹ̀ àti tìmùtìmù rẹ̀, ó jáde. Ká má parọ́, inú mi dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ yẹn kò tọ́jọ́. Iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn fèrèsé, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á dá mi dúró síbi tí mo ti fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, n óò tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ń ta mí, ọrùn ń ro mí. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, n kò ka ohun tí mò ń tẹ̀ mọ́, ọwọ́ mi ló ń kà á. Àwọn káàdì mìíràn wà tí tàdáwà orí wọn ti ṣàn nínú òjò. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbé wọn lọ bá Àlájà lẹ́nu ọ̀nà kó bá mi kà á. Nígbà tó yá, ó wá ń rẹ̀ mí láti dìde. Ojú tún ń tì mí pé mo gba ìjókòó rẹ̀ tán, mo tún ń lọ bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ibi tí n kò lè kà sílẹ̀ lófìfo.

Nígbà tí mo parí, èmi ni mo sọ fún Dókítà pé kí a sun àwọn káàdì náà, kí àṣírí aláìsàn má baà di ohun tí wọ́n á fi máa pọ́n àkàrà. Àlájà ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Mo ní kò sáyè. A sun wọ́n lẹ́yìn ilé.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì kan, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé obìnrin kan dé láti Ọjà-Ọba. Fìlà ló ń tà níbẹ̀. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ibà ti mú un dé ibi tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi. Obìnrin tí wọ́n jọ ń pàtẹ ló gbé e wá, orúkọ rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀. Dókítà ní kí n ṣí fáìlì rẹ̀. Mo tẹ orúkọ náà. Nǹkan roboto tí a fi ń mọ̀ pé ó ṣì ń wá fáìlì ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ṣe títì ti fi katakata gé wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀. Mo gbìyànjú fóònù mi, òun náà ń yí.

"Ó ti ṣí?"

"Kò tíì ṣí, sà."

Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò dúró gbọ́ èsì mọ́. Ó ní kí nọ́ọ̀sì fa abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì, nítorí egbò náà ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti gbé abẹ́rẹ́ sókè nígbà tí Àlájà, tó ń ti ibi ìrun bọ̀, yọjú wo ẹni tí wọ́n gbé dé, tó sì rí ìgò pẹnisílìnì lórí tábìlì.

"Subuhanalai! Ẹ má gún un!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu bẹ́ẹ̀dì. "Ìyẹn kọ́ ni wọ́n gún fún un lọ́dún tó bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀? Gbogbo ojú rẹ̀ wú, kò lè mí. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bíírò pupa ni mo fi kọ ọ́ sórí káàdì rẹ̀."

Dókítà gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó lo oògùn mìíràn. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin náà lajú, ó sì ń béèrè ẹni tó wà nídìí àtẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ó dé yẹn, gbogbo ilé ìwòsàn ń yin Àlájà, wọ́n ń bú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Èmi náà bá wọn bú u. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Aláásárì ni fáìlì náà ṣí. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí a kọ oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ sí ṣófo. Mo rántí káàdì náà nígbà náà. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú kan wà lókè rẹ̀, omi ti fọ ọ́ kiri. Mo rí i. Mo wò ó, mo sì ṣí èyí tó kàn.

Ṣé o rí i, ká ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà lọ́jọ́ yẹn ni, kọ̀ǹpútà ì bá ti sọ fún Dókítà pé kò séwu, wọn ì bá sì ti gún un kí Àlájà tó kírun tán. Mo lè kọ ọ́ síbẹ̀ wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo lọ bá Àlájà lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó gbé tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó rẹ̀ ọ́?"

"Ó rẹ̀ mí, Mà."

"Ibí ni mo wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ìṣísẹ̀ mélòó ni?"

Òun ló tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ Dókítà. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú. Kò bú mi. Ó kàn béèrè iye irú rẹ̀ tó kù. Mo ní n kò mọ̀, sà. N kò tíì sọ gbólóhùn tó wúwo lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí káàdì ti di eérú, kò sí ohun tí a lè padà wò.

Wọ́n dá Àlájà padà sínú yàrá. Èmi àti òun bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn aláìsàn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń béèrè ohun tí wọ́n ti sọ fún wa lọ́dún gbọ́nhan. Àwọn kan bínú. Àwọn kan ti kú, ọmọ wọn ló gbé e. Ó rẹ̀ mí ju ti oṣù mẹ́jọ ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n mo ń ka ohun tí mò ń tẹ̀. Ó sì lérè: ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ikọ́ fée mú ọmọ ilé ìwé kan ní Malete débi pé kò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀ka wa níbẹ̀ ṣí fáìlì rẹ̀, wọ́n rí oògùn tí Àlájà sọ fún mi pé kí n kọ síbẹ̀, wọ́n sì fún un lásìkò. Olùkọ́ yẹn kò parọ́ fún wa.

Àlájà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Èmi ni ọ̀gá yàrá náà. Mi ò bá kíláòdù jà, òjò mìíràn ti rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sì mú nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá gbé fún un ló ń pa mọ́, àti òótọ́ àti òfìfo, bákan náà ló ń tọ́jú wọn. Bí aláìsàn bá jókòó níwájú mi, mo ṣì máa ń béèrè lẹ́nu rẹ̀ pé oògùn wo ni ara rẹ̀ kọ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń rojú. "Mọ́mì, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà o."

"Mo mọ̀," ni n óò wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ."