Mọ́tò Tí Màámi Lè Nàró Nínú Rẹ̀

Gbogbo ọmọ ìlú wa tó wà ní Chicago nígbà náà ló mọ irú mọ́tò tó yẹ kí n rà. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìwòsàn kan ní Evanston ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àdúgbò Chatham ní Chicago ni mò ń gbé, nínú ilé kékeré kan tí mo rà lẹ́yìn tí ọkọ mi àtijọ́ bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Màámi ti wá bá mi láti Nàìjíríà. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, èmi kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ wá. Àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn wọn, wà ní Houston, ọdún mọ́kànlá sì ti kọjá tí wọ́n ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò pé. Kò lè lọ sílé, ẹ̀rù sì ń bà á láti rìn jìnnà sí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá máa ríra, Màámi ló gbọ́dọ̀ lọ.

Màámi kò sì lè lọ. Lẹ́yìn ọmọ méje, ìtọ̀ kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́. Nínú bàlúù tó gbé wọn wá, àwọn èèyàn tò gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀, kó sì tó kàn wọ́n, ìró wọn ti tutù. Wọ́n búra pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn tún máa wọ bàlúù, ìyẹn lọ́jọ́ tí àwọn bá ń padà sílé.

Mo ní fáànù kan nígbà náà, ti pẹtiróòlù, tí wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí lẹ́yìn. Mo rò pé yóò tó. A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo sì gbé póò dání, nítorí nọ́ọ̀sì ni mí, mo rò pé póò ti parí ọ̀rọ̀. Kò parí nǹkan kan. Òrùlé fáànù náà kò ga ju àyà èèyàn lọ. Màámi gbìyànjú láti lóṣòó lábẹ́ rẹ̀, orúnkún wọn kọ̀, ìtọ̀ kò sì dúró dè wọ́n. Kò sí omi tó tó wọn wẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti lè nàró kírun.

"Yí mọ́tò yìí padà," ni wọ́n wí.

"Màámi, a ti rìn jìnnà o."

"Mo ní yí i padà. Ṣé pẹ̀lú òórùn ìtọ̀ ni ọmọ mi máa fi dì mọ́ mi?"

A yí padà. A kò tíì kúrò ní ìpínlẹ̀ Illinois tí à ń gbé rárá. Láti ọjọ́ náà, Màámi kò dárúkọ àbúrò mi mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú àpótí díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù méjì gbáko ló kù kí físà wọn parí. Mo sunkún nílé ìdáná. Lẹ́yìn náà, inú bí mi, inú bíbí sì máa ń ṣe mí lóore ju ẹkún lọ.

Mo wá gbọ́ pé àwọn mọ́tò onílé kan wà, tó ní ilé ìtọ̀, ibùsùn àti táǹkì omi nínú. Mo lọ wo àwọn tuntun tí agbára mi ká. Wọ́n ń dán, ṣùgbọ́n ilé ìtọ̀ wọn kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Èyí tó láyè nínú ti lo ọdún méjìlá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń mu.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ máa ń kírun Jímọ̀. Apòògùn ni wọ́n, ilé wọn wà ní Matteson, wọ́n sì ti yan ara wọn ní agbani-nímọ̀ràn gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn.

"Àbúrò, listen to me," ni wọ́n wí. "Diesel? Nínú Chicago yìí? Winter kan ṣoṣo, ó ti parí nìyẹn! Upgrade lo pè é, o wá ń lọ sẹ́yìn. Pick up more shifts, kó o ra brand new. Àbí kó o kúkú ra car gidi, kó o fi ránṣẹ́ sílé."

Mo ti kúnlẹ̀ kí wọn, n kò sì tíì dìde. Orúnkún mi wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kò kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Diesel náà ni mò ń rà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. N kò bínú púpọ̀. Irọ́ ni, mo bínú gan-an.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé awakọ̀ lọ́rì ni Bàámi. Abẹ́ lọ́rì ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Dísẹ́ẹ̀lì ni lọ́rì náà ń mu, ó sì ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ẹni tó bá wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, apòògùn kọ́ ló máa kọ́ mi ní ẹ́ńjìnnì.

Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni mọ́tò náà, ní abúlé kan tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo, kọjá Matteson. Nígbà tí mo dé, mo gbọ́wọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì kí n tó kí i tán. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bàámi máa ń sọ pé ẹni tó bá mú ẹ́ńjìnnì gbóná dè ọ́ kò fẹ́ kí o gbọ́ bó ṣe ń jí.

Mo ní, "Mo máa padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ojú rẹ̀ pọ́n kẹ̀ǹkẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ kó wù mí ni.

Ìrì dídì ti bo koríko nígbà tí mo padà dé. Mo gbọ́wọ́ lé e, ó tutù. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dìde. Èéfín funfun tú jáde, ó sì mọ́ láìpẹ́. Funfun kò ṣe nǹkan, aláwọ̀ aró ni Bàámi máa ń sá fún, nítorí òróró ẹ́ńjìnnì ló ń jó nìyẹn. Bàbá náà wá fi wáyà kan hàn mí tí wọ́n ń kì bọ iná ilé lásìkò òtútù kí ẹ́ńjìnnì lè máa móoru. Winter ẹ̀gbọ́n wa rèé, wáyà kan péré ni.

Mo yọ ìborùn kan nínú báàgì mi. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti fi yí ìbàdí Màámi po, tí mo sì ta á ní kókó. Mo fi wọn ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ó gbà wọ́n, ó tún ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà mo bọ́ bàtà, mo dúró ní àárín mọ́tò, mo tẹ̀ bá, mo sì forí kanlẹ̀. Nígbà tí mo dìde, bàbá náà ní òun kò tíì rí ẹni tó fi iwájú orí yẹ ilẹ̀ mọ́tò wò rí.

"Imú mi wà nílẹ̀," ni mo dá a lóhùn. "Pákó yín kò rà."

Mo rà á. Ẹ̀gbọ́n wa wá wò ó ní Chatham, wọ́n sì sọ níwájú Màámi pé ó ti gbó jù. Kí ẹ̀gbọ́n wa tó dé ni Màámi ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n ti tọ̀, wọ́n ti ṣe àlùwàlá, wọ́n sì ti kírun ọ̀sán ní ìdúró.

"Èmi náà ti gbó, ọmọ mi," ni wọ́n sọ. "Ṣé kí wọ́n gbé mi sọnù ni?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ọjọ́ wo là ń lọ Houston?"

Ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn ín. Àwọn mọ́tò tuntun ń yà wá sílẹ̀ fìà-fìà, mo ń kí wọn pé kí wọ́n máa lọ ire. Kò sí ìrun tó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Màámi ń palẹ̀ mọ́ láti sọ̀ kalẹ̀ ní iwájú ilé àbúrò mi, ṣùgbọ́n àbúrò mi kò dúró dè wọ́n. Ó gun mọ́tò bá wa, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbi tí mo ti forí kanlẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó ga ju Bàámi lọ, àyè náà sì gbà á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Màámi kò tètè ní kó dìde.

"Wà níbẹ̀ ná," ni wọ́n sọ. "Jẹ́ kí n wò ọ́."

Wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà Màámi dìde fúnra wọn, wọ́n nàró, ìró wọn gbẹ, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì sí i pé kó wá.