Àtàǹpàkò Màámi

Màámi ti ń tàn mí jẹ láti kékeré, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀!

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Sìstá Rísì, ń du aṣọ òfì ìgbéyàwó Màámi. Wọ́n bá fi ẹkùrọ́ kan pamọ́ sọ́wọ́, wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, bí wọ́n ṣe máa ń pín orí ẹja fún wa l'Ájégúnlẹ̀ ní bíi 1985.

"Àbúrò, mú ọwọ́ kan."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ọwọ́ tí ẹkùrọ́ bá wà, àtàǹpàkò wọn máa ń dìde díẹ̀. Bí mo ṣe ń jẹ orí ẹja nìyẹn.

Mo wo èyí tó dìde, mo mú un. Òfìfo!

"Há, Màámi!"

"Ìwọ lo kéré nígbà yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé àtàǹpàkò sókè fún ẹ ni. Rísì ò borí rí, kò sì bínú rí."

Òfì náà mà yẹ Sìstá o.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìyá ta ló tún gbọ́n tó báyìí?