Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Ṣèrìbọmi

Ọjọ́ tí bàbá mi ṣèrìbọmi ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo wà nígbà náà. Ìsinmi ló gbé mi wá sílé ní Ẹdẹ.

Láàárọ̀, àlùfáà òyìnbó wá sílé wa, èmi sì ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ó ní oníyàwó méjì kò lè ṣèrìbọmi. Kí bàbá mi mú ìyàwó àkọ́fẹ́, kí èkejì máa lọ. Èkejì yẹn ni ìyá mi. Ẹnu tèmi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde ní Yorùbá.

Ìyáálé fò dìde. "Èmi ni mo lọ tọrọ rẹ̀ ní Sekona! Èmi ni mo bu omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ta ló sọ fún òyìnbó yìí pé mo lé e?"

Bàbá mi gbà fún àlùfáà. Àìsàn ti jẹ wọ́n tán, ẹ̀rù iná ọ̀run àpáàdì ló kù.

Ìyá mi di ẹrù wọn. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e rù wọ́n, wọ́n wò mí lójú.

"Àkànní, ṣé níbi tí o ti ń kàwé ni wọ́n ti kọ́ ọ pé èmi ni ẹ̀ṣẹ̀ bàbá rẹ?"

Mo gbé ẹrù náà rù wọ́n, wọ́n sì gba ọ̀nà Sekona lọ.

Nírọ̀lẹ́, a ri bàbá mi bọ odò Ọ̀ṣun, ìjọ ń kọrin ayọ̀. Nígbà tí a padà délé, ìyáálé jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Sekona. Wọn kò kí bàbá mi káàbọ̀.

Mo ti di àlùfáà báyìí. Mo ti wàásù títí, ìbéèrè ìyá mi ni n kò tíì dáhùn.