Hedley Thackrah Tó Ń Dúnàádúrà Lórí Ohun Gbogbo

Títí di òní, bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì ní ìlú Keighley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ dárúkọ Hedley Thackrah, awakọ̀ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dá yín lóhùn. Ohun tó fà á ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Káàdì tí àwọn àgbàlagbà fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣiṣẹ́ àfi tí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ bá lù. Lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì yá ju àkókò lọ díẹ̀. Àwọn arúgbó tò sẹ́yìn Hedley nínú òjò wínníwínní, wọ́n ń tú àpò wá owó ọkọ̀ pẹ̀lú ojú kíkorò. Hedley gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó fi ìkejì sílẹ̀ nílẹ̀, ó kọjú sí Nadeem awakọ̀.

"Nadeem, ṣé Skipton ni bọ́ọ̀sì yìí ń lọ?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Skipton ni. Ojoojúmọ́ lẹ ń wọ̀ ọ́."

"Èèyàn á kúkú béèrè. Èló ni?"

Nadeem sọ iye tó jẹ́.

"Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lágbedeméjì ńkọ́?"

Nadeem tún sọ ìyẹn.

"Tí mo bá dúró lórí ìdúró ńkọ́? Mi ò ní fara kan àga yín rárá."

"Bàbá Thackrah!"

"Àbí kí n fẹsẹ̀ kan dúró?"

Ibi tí wọ́n ń bá a bọ̀ nìyẹn tí aago ṣọ́ọ̀ṣì fi lù. Hedley yọ káàdì rẹ̀. "Mo ti rò ó dáadáa," ó ní, "ọ̀fẹ́ yẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù." Àwọn arúgbó patẹ́wọ́, wọ́n rọ́ wọlé bí ẹni tó gba òmìnira. Gaynor, ọmọ kan ṣoṣo tí Hedley bí, ti wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì látilẹ̀wá. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti fi ìwé ìròyìn bojú kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé bàbá òun ni. Àmọ́ orí ni ìwé ìròyìn náà fi dúró.

Hedley kì í ṣe ahun. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló ti ń tún ẹ̀rọ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni lówó rí. Ìṣòro rẹ̀ ò ju pé ibi tí wọ́n bí i sí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń nájà. Iye tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọjà níbẹ̀, abẹ gé e. Èèyàn á wò ó, inú rẹ̀ á bàjẹ́, á ní "ó mà dára o," á sanwó, á wá ráhùn délé. Kí o sì béèrè iye tí ẹnìkan ń gbà lóṣù, ó sàn kí o béèrè àwọ̀ pátá rẹ̀. Hedley ò mọ ìyẹn sí nǹkan. Ó bi dókítà rẹ̀ ní iye tó ń gbà. Ojú ti dókítà, ó ní, "Ó pọ̀ díẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Thackrah." Hedley tún bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ tú. "Ó dáa. Ẹ tún mi yẹ̀ wò."

Gaynor fi ìtìjú dàgbà bí ẹni fi ẹ̀kọ dàgbà. Nígbà tó wá rí Adrian Lyall, ọmọ Guildford, ìlú àwọn olówó ní gúúsù, tí ọkàn rẹ̀ fà mọ́ ọn, ẹ̀rù bà á láti mú un wálé. Inú oṣù kẹwàá ni, Hedley kì í sì í tan ẹ̀rọ amúlégbóná kí oṣù kọkànlá tó wọlé. Apẹ̀rẹ̀ súwẹ́tà ló gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún àlejò.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án lónìí nìkan."

"Ṣé ara ọmọ náà ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá."

"Ṣé tòmátì tó ń fẹ́ ooru ni a fẹ́ gbìn sí pálọ̀?"

Súwẹ́tà olódòdó tí olóògbé ìyá Gaynor fi sílẹ̀ ló bá Adrian mu. Ó wọ̀ ọ́, ó mu tíì, ó sín, ó tún dúpẹ́. Hedley fa ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná. "Fẹ́ ẹ," ó ní. "Kò ní náni lówó púpọ̀."

Ni ọ̀rọ̀ bá di ìgbéyàwó. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fojú sí ń sọ iye tó mọ níwọ̀n fún oúnjẹ, àmọ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ "ìgbéyàwó" báyìí, owó á fò sókè. Hedley ní kí Gaynor fi í sílẹ̀ fún òun. Gaynor ì bá ti bẹ̀rù nígbà náà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, Adrian lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rí pátákó lẹ́nu ọ̀nà: ẸGBẸ́ ỌLỌ́SÌN ẸYẸLÉ, OÚNJẸ ỌDỌỌDÚN. Ìyá Prudhoe, alábòójútó òtẹ́ẹ̀lì, kàwọ́ mọ́ àyà.

"Ọ̀gbẹ́ni Thackrah, kí ni mò ń wò yìí?"

"Ọmọbìnrin mi ni, mà. Òun ló gbé ipò kìíní nínú ìdíje ọdún yìí."

Gaynor ò lè wo Daphne Lyall, ìyá Adrian, lójú. Daphne kì í pe owó ní owó. "Nǹkan yẹn" ló ń pè é. Àmọ́ Daphne ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́. Ó wá sún mọ́ Hedley, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Èló lẹ gbà á?" Hedley sọ ọ́ sí i létí. Daphne di ògiri mú. Ó rántí ìgbéyàwó àkọ́bí rẹ̀, ó sì kígbe tí gbogbo gbọ̀ngàn fi gbọ́: "Wọ́n mà jà wá lólè ní Guildford o!"

Ìyá Prudhoe ní dandan, wọ́n á san ìyókù. Òun àti Hedley dúnàádúrà láti ìgbà ọbẹ̀ títí dé ìgbà kéèkì, wọ́n pàdé lágbedeméjì, wọ́n sì jọ jó.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ibi iṣẹ́ Adrian kógbá wọlé. Inú oṣù kìíní ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé wọn gbóná wá dákẹ́, Edie ọmọ wọn ò tíì pé ọdún kan. Gaynor ò sọ fún bàbá rẹ̀. Hedley kàn yà wọ́n lójijì, ó rí èémí ara rẹ̀ bí èéfín nínú pálọ̀, ó rí ọmọ pẹ̀lú fìlà lórí ibùsùn. Ó jáde, ó sì mú Stott tó ń tún ẹ̀rọ ṣe dé.

Stott yẹ ẹ̀rọ wò, ó pòṣé, ó dá iye lé e. Gaynor ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kó má bàa gbọ́ ohun tó ń bọ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yọjú.

"Ó dáa," ni Hedley ń wí. "Ṣe é."

"Dádì, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín?"

"Kò sí."

"Ẹ ò ní kó yọ nǹkan kan níbẹ̀?"

"Gaynor, ẹni tó bá máa nájà, ó gbọ́dọ̀ lè kẹ̀yìn sí ọjà kó sì máa lọ." Ó wo ibùsùn ọmọ. "Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà kó ìdààmú bá Stott. Bíi gbogbo oníṣòwò Keighley, ó ti fi pọ́n-ùn mẹ́wàá lé owó rẹ̀ bó ṣe rí Hedley, kí wọ́n lè rí nǹkan yọ fún un. Ó dúró, ó họ orí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́.

Nígbà tí ilé gbóná, Hedley tẹ́ Edie sórí àyà, àwọn méjèèjì ń làágùn. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo gbà láti san iye tí wọ́n pè," ó ní. "Wọ́n á ba ọjà mi jẹ́."

Gaynor pa á mọ́. Nígbà ìrúwé tó kọjá ni Hedley sùn tí kò jí mọ́. Níbi tíì tí wọ́n mu lẹ́yìn ìsìnkú, kálukú gbé ìtàn tirẹ̀ dé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí àlùfáà fi ń nu ojú. Gaynor wá dìde, ó sọ ti ẹ̀rọ náà. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọgbọ́n Hedley kan ṣì ń bọ̀ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí, kálukú gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Òótọ́ ni," Stott sọ láti ẹ̀yìn, kò mẹ́nu kan pọ́n-ùn mẹ́wàá tó yọ. "Iye tí mo pè gan-an ni."