Èémí Tó Wà Lórí Wáyà

Nígbà tí mo ṣì kéré lójú àwọn àgbà, bí mo tilẹ̀ ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún, iṣẹ́ tí Ọlọ́run kọ́kọ́ fi ta mí lọ́rẹ ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì míṣọ́n wa ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Àwọn Sístà ló kọ́ mi ní ìwé, àwọn náà ló kọ́ mi ní títẹ̀wé, mi ò lè dúpẹ́ tán.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn dà bí tiyín. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà, aṣọ funfun la fi ń bò ó. Bí a bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òkè òkun, inú wáyà tẹlifóònù ló ń gbà. Àpótí kékeré kan tí à ń pè ní mọ́dẹ́mù á tẹ nọ́ńbà kan ní Ìbàdàn, á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tiwa àti tọ̀hún ti gbọ́ ara wọn. Dẹ́rẹ́bà wa, ará Ifọ̀n tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló sọ mí ní Ìyàwó Kọ̀ǹpútà.

Fadá ti kọ́ mi ní ohun tí n ó ṣe bí ìlà bá ń já. Kí n gbé tẹlifóònù, kí n gbọ́ bóyá ó ń dún. Kí n yọ ẹnu wáyà, kí n nù ún. Kí n wo àpótí ara ògiri bóyá òjò ti wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò kò rọ̀ rárá, ìlà já bí mọ́dẹ́mù ṣe tẹ nọ́ńbà tán. Mo tún un ṣe, ó tún já. Fadá ti lọ sí Àkúrẹ́, wọn ò ní dé títí ọjọ́ Ẹtì. Mo nu ẹnu wáyà, mo tú àpótí ara ògiri, mo gbìyànjú tó ìgbà mẹ́fà. Níkẹyìn, bí ó ṣe tún já, mo sáré gbé tẹlifóònù sétí. Ẹnì kan ń mí níbẹ̀.

Mo ní, "Ta ni yẹn, ẹ jọ̀ọ́?"

Ó kàn ń mí lọ, ó wúwo bí èémí ẹni tó ru iṣu gun òkè. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ bí nǹkan ṣe já bọ́, gbì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà wá gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ, ó rọra gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó Kọ̀ǹpútà, ọkọ rẹ ti fẹ́ ẹlòmíràn o. Èyí kì í ṣe ènìyàn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun gan-an kò rẹ́rìn-ín. A wọ́n omi mímọ́ sí tábìlì náà, a ka rósárì yí i ká. Mo gbàdúrà náà tọkàntọkàn. Nígbà tí mo tún dán an wò, ìlà já.

Ọjọ́rú ni ọkùnrin tó ń tún wáyà tẹlifóònù ṣe, tí mo ránṣẹ́ pè, dé. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà kí òun gbọ́. Ó gbọ́ ọ, ó béèrè pé tẹlifóònù mélòó ló wà lórí ìlà yìí. Mo ní méjì, tiwa àti ti yàrá Fadá. Ó ní ó di mẹ́ta. Ó fi ìka tọ́ka sí ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, wáyà kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kun ọ̀dà mọ́ ògiri, ó gba àjà jáde lọ sí ìta.

Ó ní, "Ẹni tó wà ní òpin èyí ló ń gbé tẹlifóònù tí ìlà fi ń já. Ṣé kí n gé e?"

Lẹ́tà ti pọ̀ nílẹ̀, ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, "Ẹ gé e, bọ̀dá." Mi ò béèrè ibi tí wáyà náà lọ.

Mọ́dẹ́mù ké, ó dákẹ́, gbogbo lẹ́tà lọ. A kọrin ìyìn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin náà padà wá mú ẹ̀mú rẹ̀ tó gbàgbé. Bó ṣe ń lọ ló sọ pé irú tẹlifóònù àtijọ́ bẹ́ẹ̀, bí mọ́dẹ́mù bá ń tẹ nọ́ńbà, agogo inú rẹ̀ máa ń dún díẹ̀, tín-ín, tín-ín. "Ẹni yẹn á máa rò pé òun ni wọ́n ń pè."

A jẹ́ pé èmi ni mo ń pe ẹni náà láti ọjọ́ Ajé. Mo jáde, mo gbójú sókè, mo tọ wáyà náà lọ. Ó gba orí àwọn igi ọsàn kọjá, ó wọ ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ilé Baba Kátíkísì. Àwọn ló kọ́ ìdajì ìjọ wa ní kátíkísìmù. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń lọ gbàdúrà fún aláìsàn ni wọ́n ti fa tẹlifóònù fún wọn, gbogbo wa ti gbàgbé. Ọmọ-ọmọ wọn tó ń tọ́jú wọn ti lọ sìnkú ní Ìdóàní láti ọjọ́ Àìkú. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn, nítorí ara wọn le nígbà náà.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá wọn, lẹ́bàá àpótí tí tẹlifóònù wà lórí rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara wọn, ó ti mú ẹnu wọn pẹ̀lú. Kọ́ọ̀pù omi ti gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ di tẹlifóònù mú mọ́ etí. Láti àná ni wáyà náà ti kú, wọn ò sì gbé e kalẹ̀. Wọ́n ṣì ń mí.

Dẹ́rẹ́bà gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run dá wọn sí. Wọ́n lò tó oṣù mẹ́ta sí i, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n gé wáyà náà. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n wá mú ọwọ́ mi, wọ́n gbé e lé etí wọn bí ẹni gbé tẹlifóònù. Bóyá wọ́n dárí jì mí ni, bóyá wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀ lọ, mi ò mọ̀ títí dòní.

Ayé ti yí. Kò sí wáyà mọ́, ọmọdé ń gbé tẹlifóònù sápò lọ sóko, lẹ́tà sì ń dé òkè òkun kí a tó pajú dé. Mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ìpè bá wọlé tí ẹni náà kò fọhùn, ẹ máa ń pòṣé, ẹ máa ń pa á. Èmi kì í pa á. Mo máa ń dúró díẹ̀, kí n gbọ́ bóyá ó ń mí.