Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Kò Fọ́jú Rí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀gá tó ń ti Kutọnu wá sí Dassa fẹ́ràn láti máa lò: analfabẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pè é bí ẹni ń pe orúkọ àìsàn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó bi mí pé, "Ṣé kì í ran èèyàn?"

Mo ní, "Kì í ran èèyàn, Ìyá. Ó máa ń bọ́ èèyàn ni. Ẹ wo mọ́tò àwọn tó ń wò ó sàn."

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Tré, abúlé wa lẹ́bàá Dassa, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé. Àga ọmọ kékeré ni wọ́n ń jókòó sí, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ń lọ sí Máàsì, àwọn kan ń bọ òrìṣà ilé wọn, àwọn kan ń ṣe méjèèjì láìpariwo. Bàbá Mùsùlùmí kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Dassa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti kékeré ni bàbá yìí ti ń ka Kùránì, ó sì ń kọ Lárúbáwá geere. Síbẹ̀, analfabẹ́ẹ̀tì ni àwọn tó dá kíláàsì náà sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní pọrojẹ, kà á sí. Ó ní, "Apá ọ̀tún ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìlà. Wọn ò ka ìyẹn sí ìwé."

Ní tèmi, mo ti gba oyè yunifásítì, mo sì ti padà sílé wá jókòó tì í. Wọ́n ní kí n máa ṣe ògbufọ̀ nígbà tí àlejò bá dé.

Yorùbá inú ìwé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ìdáàṣà tí à ń sọ lórí òkè wa yàtọ̀ sí i. Bí olùkọ́ bá ti ka ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi á ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń pè é níbí," á sì kọ tiwa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláàsì kejì, ti Faransé, gan-an ló wù ú. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń sọ Faransé níṣojú rẹ̀, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ mọ èébú tí wọ́n ń bú mi," ó ní. "Bí ó bá dára, màá mú un lò."

Nígbà tí ayẹyẹ ìparí kíláàsì kìíní kù díẹ̀, ọ̀gá pọrojẹ fún mi ní ìwé kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi máa sọ níwájú àwọn àlejò tó ń gbé owó wá ló wà nínú rẹ̀. "Jẹ́ kó há a sórí," ọ̀gá wí. Ó ti gbàgbé pé òun ló ní kí wọ́n kọ́ obìnrin náà ní ìwé kíkà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tọ ìlà rẹ̀: "Mo wà... nínú òkùnkùn. Afọ́jú... ni mí. Pọrojẹ ló... là mí lójú."

Ó gbójú sókè. "Ta ló kọ èyí?"

"Ọ̀gá ni. Olùkọ́ ló bá a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá."

"Afọ́jú? Láti ọmọge ni mo ti ń gba orí àpáta lọ sóko. Ta ló ń fà mí lọ́wọ́?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ohun tí àwọn àlejò ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn, pé bí wọn ò bá gbọ́ ọ, kí àwọn tó ń kàwé má retí kíláàsì Faransé.

Bàbá aláṣọ ní, "Ẹ wí i, Ìyá. Ẹnu lásán ni."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wí i."

"Wọn ò ní gbà á lẹ́nu mi. Irùngbọ̀n mi ti pọ̀ jù."

Ọ̀gá wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ohunkóhun tí màmá bá wí, ohun tó wà nínú ìwé ni kí n sọ ní Faransé. Ta ni yóò mọ̀?

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n pín ẹ̀wù funfun tí wọ́n kọ Faransé sí láyà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Yorùbá kíkà. Àwọn ọ̀gá bọ́ sórí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ń ràn yòò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òkùnkùn. Ó wá kan ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ká ìwé náà mọ́ ọwọ́.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí. "N kò mọ̀wé tẹ́lẹ̀, mo ti wá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ́ mi, ẹ ṣeun. Ẹni tó pè mí ní afọ́jú, mo ti ka ohun tó kọ."

Ó yíjú sí mi. "Ó yá, akọ̀wé. Bí mo ṣe wí i gan-an."

Ọ̀gá ń wò mí, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta. Mo sọ ọ́ bó ṣe wí i. N kò fi nǹkan kan kún un, iṣẹ́ ńlá sì ni ìyẹn fún irú mi. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn pàtẹ́wọ́. Níwájú, àlejò kan rọra bi ọ̀gá bóyá òwe ìbílẹ̀ ni.

Pọrojẹ kò padà wá. Wọ́n kó pátákó ìkọ̀wé wọn lọ, wọ́n fi ẹ̀wù sílẹ̀ fún wa. Kíláàsì kejì bẹ̀rẹ̀ ṣá o. A fi èédú kun ilẹ̀kùn àlòkù kan, a gbé e ti ògiri, èmi sì di olùkọ́. Gbogbo wọn ló wá, àti bàbá aláṣọ.

Mo kọ ọ̀rọ̀ kìíní sórí ilẹ̀kùn náà: *la table*. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nawọ́.

"Kí ni *la* ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń fi hàn pé obìnrin ni tábìlì, Ìyá."

Ó gbé bíìkì tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀. "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Bí àwọn Faransé ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn."

"Wọ́n sọ ọ́, ìwọ náà gbà?"

Títí di òní, *table* nìkan ló ń kọ. Mo máa ń fi bíìkì pupa sàmì sí i. Ó máa ń fi dúdú fagi lé àmì mi.