Ọ̀já Tarugani Lọ́nà Edo

Láti kékeré ni bàbá Tarugani ti ń kọ́ ọ ní èdè Jàpáàn nílé wọn ní Shuri, olú ìlú erékùṣù wa, pẹ̀lú orin àti ijó, kó lè bá àwọn ọmọ tí ọba wa ń rán lọ kọrin níwájú olórí Jàpáàn ní ìlú rẹ̀, Edo, lọ. Wọ́n sì mú un. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó rẹwà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé Kagoshima ní ilẹ̀ Jàpáàn báyìí, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ọ̀hún. Àwọn ará Satsuma, àwọn ará Jàpáàn tó ń jọba lé wa lórí tí wọ́n sì ń sìn wọ́n lọ, fẹ́ kí ayé rò pé àlejò láti ìpẹ̀kun ayé ni wọ́n kó wá. Ẹ gbà mí! Kéèyàn kọ́ èdè fọ́dún mẹ́wàá, kí wọ́n wá ní kó yadi.

"Tó o bá fi hàn pé o gbọ́, ilé yá nìyẹn," ni Kochinda, ọ̀gá àwọn olórin, wí. "Ẹlòmíì á kọrin ẹ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. Odi ni mí."

Ní ẹsẹ̀ òkè Hakone, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé tí wọ́n máa sùn. Èrò kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan tó ń ta tíì pariwo:

"Yéè! Ọ̀já tí ọmọ yìí fi gbàdí ti ń tú lẹ́yìn o!"

"Ìyá, kò gbọ́ èdè wa," ni ẹnìkan wí.

"Tó bá wà níhòòhò, á gbọ́."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Tarugani gbọ́ ọ yékéyéké, ṣùgbọ́n bó bá nawọ́ sẹ́yìn, èrò á pariwo pé ó gbọ́ èdè, ará Satsuma tó ń rìn níwájú rẹ̀ á sì mọ̀. Ló bá gbórí sókè, ó ń yan lọ. Ọ̀já ń wọ́ nílẹ̀, aṣọ là níwájú, atẹ́gùn òtútù ń kí i nítan. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ìyá onítíì gbé ife sílẹ̀, ó já wọ àárín wọn, ó dá a dúró, ó sì so ọ̀já náà le.

"Dúró jẹ́ẹ́! Òtútù á pa ẹ́. Ìyá ẹ dà?"

Oṣù márùn-ún rèé tí ẹnikẹ́ni ò ti bi í léèrè ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀, ní èdè Jàpáàn tó já geere: "Ó wà nílé, Ìyá."

Ará Satsuma yíjú padà. Ohùn ló gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. "Ìyá, kí lọmọ yẹn sọ?"

Ìyá wo Tarugani lójú, ó wò ó títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í! Mo bá a di ọ̀já, ó ń fi èdè wọn bú mi. Ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́!" Ó sì gbá a nídìí pàá.

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, ará Satsuma náà rẹ́rìn-ín. Odi wa ò lè rẹ́rìn-ín, kò lè dúpẹ́. Ó ń bá tirẹ̀ lọ, omi dà lójú rẹ̀.

Ó kọrin ní Edo, orin náà sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó darúgbó ní Shuri, bí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá béèrè bí ojú olórí tó kọrin fún ṣe rí, á ní òun ti gbàgbé. Ojú ìyá onítíì yẹn ni kò kúrò lọ́kàn òun, nítorí kò gba "ẹ ṣé" kan ṣoṣo lọ́wọ́ òun.